Áàsì Méjì Lọ́wọ́ Sùnkànmí Télọ̀

Bàbá Kúforíjì, onílé tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ nídìí tẹ́tẹ́ káàdì póókà rí, ní kí Sùnkànmí télọ̀ jẹ òun lónìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ni áàsì méjì, káàdì tó ga jù lọ, bá bọ́ sí télọ̀ lọ́wọ́! Bó bá rọra ta á, gbogbo àwọn mẹ́rin tó ń bá a ta, Bàbá pẹ̀lú, ni yóò tẹ̀lé e, oríire ẹnì kan sì lè ba tirẹ̀ jẹ́. Ló bá lu tábìlì gbàmù, ó ti gbogbo ìdérí ọtí tó fi ń ta sáàárín: "Ta ló tó bẹ́ẹ̀?" Àwọn mẹ́ta da káàdì sílẹ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹni tí káàdì rẹ̀ dára kì í pariwo!" Ó ti tirẹ̀ náà sí i. Káàdì tó kù jáde, áàsì méjì Sùnkànmí ló jẹ. "Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ ọ́ fún wa, Bàbá, ìdí nìyẹn tí mo fi pariwo," ni Sùnkànmí wí, ó fa téèpù yọ, "mi ò palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ dìde, kí n wọn ṣòkòtò iléyá yín."