Ìdí Tí Àfòpiná Olójú-Ejò Kò Fi Lẹ́nu

Nígbà láéláé, lápá ìlà oòrùn níbi tí òjò kì í ti í jìnnà sí igbó, àfòpiná kò ní ìyẹ́. Kòkòrò lásán ni, ó ń wọ́ kiri lórí igi ọsàn. Àjíjẹ lorúkọ ọ̀kan nínú wọn, orúkọ sì ro ó lóòótọ́. Bó ṣe ń jí ló ń jẹ, ojoojúmọ́ ṣáá!

Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ ti ṣa gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ jẹ. Òun nìkan ló kù. Bí wọ́n bá mú òun náà kó tó yé ẹyin, ìran wọn parun nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Ó wá kíyè sí i pé ẹyẹ kì í bà sítòsí Bàbá Òjòlá, ejò ńlá tó ń gbé ìdí igi náà. Ojú rẹ̀ nìkan ti tó lé wọn. Àjíjẹ bá tọ̀ ọ́ lọ.

"Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àwòrán ojú yín sára mi, kí ẹyẹ lè máa sá fún mi."

"Kò burú," ni Òjòlá wí. "Kí lo máa fún mi?"

Ewé ni Àjíjẹ ní lọ́kàn. Àmọ́ ẹ wo wọ̀bìà! Kò lè dá jíjẹ dúró kó fi dá àgbàlagbà lóhùn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kìlọ̀ fọ́mọ pé kó má fi òkèlè sẹ́nu sọ̀rọ̀. Ewé kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bámúbámú. "Ewé mi" ló fẹ́ wí, "ẹnu mi" ló bọ́ síta.

"Ẹnu kẹ̀?" Inú Òjòlá dùn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Èmi tí mò ń gbé odindi ẹran mì, ẹnu kan ò tó mi. Lọ fi òwú wé ara rẹ, kó o sùn."

Àjíjẹ fa òwú jáde láti ẹnu rẹ̀, ó fi wé ara rẹ̀ sábẹ́ ewé, atẹ́gùn ń mì í lẹ́lẹ́. Òjò rọ̀, oòrùn ràn, oṣù lé, oṣù wọ̀, oorun ń gbé e lọ jẹ́jẹ́. Ó lálàá pé òun ń fò láàárín òdòdó, pé afẹ́fẹ́ ń pe òun lórúkọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló jí. Yéè! Ìyẹ́ ńlá tó pọ́n bí epo ló wà léjìká rẹ̀, àwòrán ojú Òjòlá sì wà ní ṣóńṣó ìyẹ́ méjèèjì. Ẹyẹ kan rí i, ó figbe ta, ó fò lọ. Tayọ̀tayọ̀ ni Àjíjẹ fi bà lé òdòdó kan pé kóun jẹun. Ẹnu dà? Kò sí ẹnu!

Ó fò tọ Òjòlá lọ, ó ń lu ìyẹ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

"Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́," ni Òjòlá wí. "Bó o bá fẹ́ ẹnu, dá ojú mi padà. Èwo lo mú?"

Àjíjẹ gbójú sókè. Àwọn ẹyẹ ti tò sórí ẹ̀ka igi lókèèrè, wọ́n ń retí kó dá ojú náà padà. Ebi ń pa á, ẹyin sì wà nínú rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ yé ẹyin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ewé ọsàn, ó na ìyẹ́ bò wọ́n títí agbára fi tán nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àfòpiná olójú-ejò kò ti lẹ́nu. Ewé tó jẹ ní kékeré ló ń gbé e ró fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni kò ti sí ọ̀kankan nínú wọn tó mọ ìyá rẹ̀, torí kí ẹyin tó pa, ìyá ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin ń pa.