Àwọn Tó Ru Igbá Olóyè Adéṣẹ̀yẹ

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n dìbò nígbà tí Olóyè Adéṣẹ̀yẹ ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ogún ọdún ló ti ń ṣojú ẹkùn rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì máa ń fi wọ ìlú tọrọ ìbò. Lọ́tẹ̀ yìí, orí ibùsùn ló wà tó ń gbọ́ ariwo alátakò rẹ̀ lójú pópó: "Ó ti rẹ baba! Ẹ jẹ́ kó sinmi!"

Ẹ̀rù bà á. Ọjọ́ náà ni Ìyá Wúràọlá, arúgbó apẹja, wọlé tọ̀ ọ́ wá láti Èbúté Àjọpọ̀. Ìlú yẹn kò dìbò fún un rí, síbẹ̀ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ fa omi ẹ̀rọ sí, kí ìlú tirẹ̀ tó rí i mu.

"Ìyá, mi ò ní lè dé ọ̀dọ̀ yín o," ni Olóyè wí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wá? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin wẹ̀yìn. Àwa la ó ru tiyín."

Wọ́n sì rù ú. Àwọn apẹja tukọ̀ láti èbúté dé èbúté, àwọn àgbẹ̀ wọ abúlé dé abúlé, wọ́n ń bá a tọrọ ìbò. Nígbà tí èsì jáde, nínú wọ́ọ̀dù méjìdínlógún tó wà ní ẹkùn náà, mẹ́tàdínlógún ni Olóyè mú. Ìlú hó yèè!

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbé mi lọ sí Èbúté Àjọpọ̀," ló wí, "kí n lọ dúpẹ́."

Wọ́n gbé e ka orí àga, ó di èjìká, wọ́n sì ń kọrin lọ sí etí odò.