Àwọn Ará Ògiri

Ọkùnrin kan wà, olùkọ́ ni. Wọ́n gbé kíláàsì kẹfà fún un ní ìlú kan tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kọ́kọ́ wọlé, ó rí bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n tò mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tó jókòó sórí rẹ̀ kò mú ìwé jáde. Ó bi wọ́n pé kí ló dé. Ọmọ kan láti iwájú ló dá a lóhùn: "Ará ògiri ni wọ́n, sà. A kì í kà wọ́n mọ́ wa."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣe òfin náà. Ọmọ tí kò bá lè ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìwòwé, ẹ̀yìn ló ń lọ, kò sì ní bá àwọn yòókù ṣe ìdánwò àṣekágbá, kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ má bàa bàjẹ́. Ọ̀gá yìí kì í ṣe ìkà. Ó gbà tọkàntọkàn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ ń gbà wọ orí ọmọ.

Olùkọ́ náà gbé bẹ́ǹṣì wá sí iwájú. Ọ̀gá ní kí wọ́n dá a padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, olùkọ́ tún gbé e wá.

Ẹ̀kọ́ tó kàn ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká inú ara. Olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó, ó ṣàlàyé rẹ̀. Ó yé àwọn kan, kò yé àwọn mìíràn rárá. Ló bá kó gbogbo wọn bọ́ síta. Ó fi eérú ya ọkàn ńlá kan sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn yàrá rẹ̀ àti àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ya ẹ̀dọ̀fóró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí àwọn ọmọ di ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń rìn wọ yàrá kan, wọ́n ń jáde lọ gba afẹ́fẹ́ ní ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n ń padà wá. Ọmọbìnrin kan tí orin kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ sọ orúkọ àwọn yàrá náà di orin. Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ń tún ibi tí ẹsẹ̀ bá pa rẹ́ yà, títí àwòrán tirẹ̀ fi dára ju ti olùkọ́ lọ. Ìbídùn, ọ̀kan nínú àwọn ará ògiri, tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ látìgbà tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́, ló ń ṣíwájú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀gá jáde sí wọn. "Kíláàsì rèé àbí pápá eré?"

"Iṣẹ́ là ń ṣe, sà."

"Ẹ kó wọn wọlé."

"A ò tíì parí, sà."

Kò sẹ́ni tó dá ọ̀gá lóhùn báyẹn rí. Inú bí i. Ó nawọ́ sí Ìbídùn, ó ní kó ka ohun tí ìwé sọ nípa ọkàn. Ìbídùn ka ọ̀rọ̀ méjì, ó sì ṣi èyí tó tẹ̀ lé e. "Ṣé ẹ rí i?" Ọ̀gá yíjú sí olùkọ́.

"Ohun tí ìwé sọ lẹ bi í, sà. Ẹ bi í bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá kò fẹ́ káwọn ọmọ rò pé òun sá. Ó bi gbogbo wọn pé, bí ilẹ̀kùn tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró bá dí ńkọ́? Ọmọ tó máa ń gba ipò kìíní ka ojú-ìwé náà láti òkè délẹ̀, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó parí, ó wolẹ̀. Òun náà mọ̀ pé òun kò tíì dáhùn. Ìbídùn kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó rìn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn eérú náà, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e rọ́ lu ara wọn.

"Ibí la máa há sí, sà. Yàrá yìí á kún, á wú. Afẹ́fẹ́ wà lọ́hùn-ún, a ò sì ní lè débẹ̀ gbà á. Ẹni yẹn ò ní lè mí dáadáa."

Ọmọ ipò kìíní bọ́ sínú eérú pẹ̀lú rẹ̀, ó ń bá a pe orúkọ yàrá tí wọ́n há sí.

Ọ̀gá gbọn eérú kúrò lára bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ó kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni," ó sì wọlé lọ.

Kí sáà tó parí, ọ̀gá sọ fún olùkọ́ náà pé wọ́n ní kó máa lọ sí abúlé kan tí mọ́tò kì í dé. Ó ní, "Mo gbọ́, sà. Bí mo ṣe ṣe níbí náà ni n óò ṣe níbẹ̀." Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá Ìbídùn wá jókòó sẹ́nu ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó ní bí ọmọ òun kò bá ní bá wọn ṣe ìdánwò, òun kò ní dìde. Àwọn ìyá mìíràn wá jókòó tì í. Ọ̀gá gbà nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe gbogbo àwọn ọmọ náà ló yege. Ìbídùn yege.

Ìwọ tísà tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, o wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní olódo ti pọ̀ jù ní kíláàsì rẹ. Ọ̀nà mélòó lo ti gbà kọ́ wọn? Bó o bá sọ ọ́ lẹ́nu tí kò yé ọmọ, yà á. Bó o bá yà á tí kò yé e, jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kó kọ ọ́ lórin, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní eré lò ń ṣe, dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, má sì dáwọ́ dúró. Wọ́n lè gbé ọ lọ síbòmíràn. Jẹ́ kí wọ́n gbé ọ. Ṣùgbọ́n má fẹnu ara rẹ pe ọmọ kankan ní olódo mọ́. Dìde, wọ́n ti fẹ́ lu agogo.