Òkúta Ẹ̀yìn Ilé Ọmọ́táyé

Ó ti pẹ́ tí àkúnya omi ti yí òkúta ràbàtà kan wá láti orí òkè, tó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ilé Ọmọ́táyé. Oyèkànmí, ọmọ rẹ̀, fẹ́ dáná sí i lára kó lè fọ́, kí àgbàlá lè fẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo igi tó ń kó jọ ni ìyá rẹ̀ fi ń se ẹ̀wà fún un.

“Mọ́ọ̀mi, àbí ẹ bí òkúta yìí mọ́ mi ni?”

“Jẹun, ọkọ mi. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó. Onílé ni ò ní gbà fún un.”

Òjò ńlá dé. Àgbàrá kọlu òkúta, omi pín sí méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Oyèkànmí sọ ìdì igi kalẹ̀ nídìí ààrò ìyá rẹ̀.

“Mọ́ọ̀mi, igi ẹ̀wà rèé.”