Ọ̀rọ̀ Tí Ó Wà Ní Ìdí Ìgò Ọmọ Ogun

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa nu eruku ara ohun àtijọ́ lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú kan ni wọ́n fi í ṣọ́. Kò lé mi rí nígbà tí òjò bá ká mi mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, nítorí náà, n kò ní pè é ní òmùgọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ó ń tọ́jú, ìgò omi kan ni ó fẹ́ràn jù. Irin ni ìgò náà, aṣọ nípọnnípọn ni wọ́n fi bò ó. Ọmọ ogun kan ni ó gbé e kọ́ èjìká lọ sí ogun Bọ́mà, láyé ìgbà tí òyìnbó ń kó àwọn ọmọ wa lọ ja ìjà tí kì í ṣe tiwa. Ọmọ ogun náà kò padà wálé. Ẹni tí wọ́n jọ jagun, ará ìlú mìíràn, ni ó gbé ìgò náà bọ̀. Nígbà tí ìyẹn náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ.

Aṣọ ti ṣí kúrò ní ìdí ìgò náà. Ẹnìkan ti fi ìṣó họ ọ̀rọ̀ sí ara irin níbẹ̀: OKO MI. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ọkùnrin wa wò ó títí, ó wá kọ ọ́ sí páálí pé: "Àgbẹ̀ ni ọmọ ogun yìí. Níbi tí ìbọn ti ń dún, oko rẹ̀ ni ó ń rò." Bí àlejò bá dé, á fi ohùn arò sọ ọ́, á tún sọ bí ewé iṣu ṣe ń dúró de olóko tí kò bọ̀ mọ́. Ta ni ó sọ ti ewé iṣu fún un? Kò sẹ́ni. Ìfẹ́ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan wọlé. Aládùúgbò rẹ̀ ni ó sọ fún un pé òun rí ìgò ọmọ ogun tí wọ́n kọ nǹkan sí nídìí. Ọkùnrin náà ka páálí fún un. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín.

"Oko wo? Ọkọ mi yẹn? Aránṣọ ni! Bí ó bá rí ọkọ́ lásán, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Oko ni wọ́n kọ."

"Èmi tí mo kọ ọ́ ni o ń kà á fún? Ọkọ mi ni mo kọ!"

Ó wá sọ bí ó ti jẹ́. Wọ́n fún ọkọ rẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn lọ. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni òun, ilé kún fún ẹbí ọkọ, ojú sì ń ti òun. Òun kò tíì pè é ní ọkọ mi rí lójúkojú. Nígbà tí ó lọ dágbére fún àwọn àgbà, òun tú aṣọ ìdí ìgò, òun họ ọ̀rọ̀ náà, òun sì rán aṣọ náà padà bò ó.

"Mo ní ọjọ́ tí ó bá dé ni n óò fi hàn án." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ó lé ní àádọ́ta ọdún. N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Ṣé ìwọ ni o ya aṣọ yìí?"

"Rárá o, ìyá. Bí ó ṣe dé nìyẹn. Mo tilẹ̀ ti ń gbèrò àtirán an."

"Má dán an wò. Gbé e fún mi."

Òfin wà lára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ó wo òfin, ó wo ìyá, ó ṣí àpótí onígíláàsì náà.

Ìyá náà kò wo ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Etí aṣọ ni ó ń fi àtàǹpàkò wá. Aṣọ náà kò ya, kòkòrò kò sì jẹ ẹ́. Ẹnìkan ti tú òwú rẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó ká etí rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì rán an wẹ́wẹ́, kí aṣọ má baà bo ọ̀rọ̀ náà mọ́.

"Ọwọ́ rẹ̀ nìyí," ni ìyá náà wí. "Ó rí i. Áà, ó rí i!"

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti fi ń nu etí aṣọ yẹn.

Ìwọ tí a jọ jókòó ní gáréèjì yìí láti òwúrọ̀, o ní ìyàwó rẹ kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, o ní ìgbéraga ni, o sì ti di ẹrù rẹ láti fi í sílẹ̀ lọ sí ìlú yín. Ta ni ó sọ fún ọ pé ìgbéraga ni? Ìdákẹ́jẹ́ ènìyàn kì í ní àmì lórí. Ìwọ ni o fi tìrẹ sí i, tí o wá ń kà á fún àlejò bíi tèmi. Ọkùnrin onípáálí yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ohun tí ó ń tọ́jú, kò kàn béèrè ni. Orí ló bá a ṣe é tí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàyè. Tìrẹ náà ṣì wà láàyè, ó ń dáná nílé. Ó ku èrò méjì kí ọkọ̀ ìlú yín kún. Dìde, kí o padà sílé lọ bi í.