Kòtò Tó Wà Lábẹ́ Ilé Opó

Nígbà tí wúrà kọ́kọ́ jáde ní Òkè-Ìṣúra, ìlú náà kò ju agboolé mélòó kan lọ. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Àlejò ń wọ́ wá láti ìlú jíjìn. Àwọn kan wá wa wúrà, àwọn kan wá tajà fún awakùsà, àwọn mìíràn kàn fẹ́ fojú ara wọn rí ilẹ̀ tó ń bí owó. Ẹni tó bá sì ti débẹ̀ kì í fẹ́ padà sílé mọ́. Oúnjẹ pọ̀, ọjà kún, ilé tuntun ń yọ bí olú. Bí ilé ṣe ń pọ̀ ni ilẹ̀ ń wọ́n.

Láwùyì ló ń mú àwọn àlejò rìn yí ìlú ká, òun náà ló sì ń ta ilẹ̀ fún wọn. Ẹnu rẹ̀ dùn. Yóò mú wọn gun òkè, yóò nawọ́ sí ìsàlẹ̀, yóò ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ló kọ́lé síbí tó kábàámọ̀?" Lẹ́yìn náà yóò fẹsẹ̀ janlẹ̀, yóò ní kí àwọn náà jan tiwọn wò. Ohun tí kì í sọ fún wọn ni pé òun fúnra rẹ̀ ti wa wúrà lábẹ́ púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí. Bó bá ti kó ohun tó wà níbẹ̀ tán, kì í dí kòtò náà. Igi ni yóò tẹ́ lé ẹnu rẹ̀, yóò da yẹ̀pẹ̀ lé e, koríko yóò sì hù sí i. Ó pe èyí ní ọgbọ́n. Ìkà ni èmi ń pè é.

Opó aláró kan, Ẹfúnṣeyè, wà lára àwọn tó ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti lé òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde nílé. Ó ta aṣọ òkè rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ tó fi ṣe ìyàwó kó tó rí owó ilẹ̀ san. Lọ́jọ́ tó san án, ó kúnlẹ̀ níwájú Láwùyì.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ ti bò mí láṣìírí. Ọlọ́run yóò bo tiyín náà."

Láwùyì ṣe àmín, kò sì tijú. Àwẹ̀ró tí wọ́n fi ń pè é ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ọmọ tó fẹ́ràn ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ti fẹ́ gbé e fún ọkọ lọ́dún náà.

Àṣà wọn ní Òkè-Ìṣúra ni pé bí ògiri ilé tuntun bá ti dúró, àwọn obìnrin àdúgbò yóò pé jọ láti lu ilẹ̀ rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń lù ú. Wọn yóò tò ní ìlà, wọn yóò máa kọrin, gbogbo igi yóò sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí ilẹ̀ náà yóò fi le. Wọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni sí irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orin ń bọ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lu ilẹ̀ ilé Ẹfúnṣeyè, Láwùyì ń mú àwọn àlejò kan wo ilẹ̀ kiri. Wọ́n gbọ́ orin lókèèrè, wọ́n ní kó mú àwọn lọ síbẹ̀. Kò rí bí yóò ṣe kọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó rí Àwẹ̀ró láàárín ìlà, igi lọ́wọ́, òógùn lójú.

"Àwẹ̀ró, jáde wá. Ìyá rẹ ń pè ọ́."

"Ìyá mi ló ń pọnmi bọ̀ lẹ́yìn yín yẹn, Bàbá." Gbogbo àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ọ."

"Ẹ jẹ́ ká parí èyí ná. Bí mi ò bá bá wọn lu tiwọn, ta ni yóò wá bá mi lu tèmi?"

Àlejò kan mi orí. "Ọmọ yìí gbọ́n o. Irú ìlú tí mò ń wá gan-an nìyí."

Láwùyì wo àlejò náà, ó wo ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Bó bá sọ ọ́, kò tún sí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú yóò sì mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ẹ rọra lù ú o," ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ilẹ̀ tí a bá rọra lù kì í le, Bàbá Àwẹ̀ró," ni Ẹfúnṣeyè dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì dá orin. Gbogbo igi gòkè, gbogbo rẹ̀ sì balẹ̀ pọ̀.

Ilẹ̀ náà kọ́kọ́ dún bí ìkòkò òfìfo. Lẹ́yìn náà ó là láàárín, ó sì gbé Àwẹ̀ró mì. Àwọn yòókù sá jáde, wọ́n ń ké. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ náà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń pe bàbá rẹ̀.

Àwọn awakùsà sáré dé, wọ́n ju okùn sí i, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n so òmíràn mọ́ ọn, síbẹ̀ kò dé ibẹ̀. "Ta ló gbẹ́ irú èyí?" ni àwọn awakùsà ń bi ara wọn. Láwùyì mọ ọ̀nà mìíràn tó wọnú kòtò náà. Ó sáré lọ sínú igbó tó wà lẹ́yìn ilé, ó fọwọ́ hú yẹ̀pẹ̀, ó fa igi tó tẹ́ síbẹ̀ kúrò, ẹnu kòtò kejì sì hàn níṣojú gbogbo ayé. Kò sí ẹni tó tún béèrè mọ́. Ó kó sínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

"Mò ń bọ̀, Àwẹ̀ró! Bàbá rẹ ń bọ̀!"

Ilẹ̀ tún rì lẹ́ẹ̀kejì. Ògiri ilé opó náà ya lulẹ̀, ó wó lé kòtò náà lórí. Wọn kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn awakùsà gbẹ́ ẹ títí ó fi sú wọn, wọn kò bá ọmọ, wọn kò bá bàbá. Àwọn àlejò ti di ẹrù wọn lọ. Ẹfúnṣeyè, tí kò nílé mọ́, ló jókòó ti Ìyá Àwẹ̀ró lórí yẹ̀pẹ̀ náà, tó ń bá a sunkún.

"Okùn méjì ni wọ́n so pọ̀," ni Ìyá Àwẹ̀ró ń wí ṣáá. "Bó bá tiẹ̀ máa ṣèkà, kí ló dé tó gbẹ́ ẹ jìn tó bẹ́ẹ̀? Ká ní kò jìn ni, okùn ì bá tó ọmọ mi."

Ẹnu obìnrin yìí ni àwọn àgbà ti mú ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn, nítorí ẹni tó gbẹ́ ẹ lè já sí i.