Bọ́sẹ̀, Ìyá Rẹ̀, àti Rọ́bà Búréèkì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín ló ti rí obìnrin tó tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ rí, tó na gbalaja sórí rẹ̀, tó ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì bí ẹni ń tú irun? Bí ẹ kò bá rí i rí, a jẹ́ pé ẹ kò gbé Òkè-Àpárọ̀ nígbà ayé Bọ́sẹ̀ nìyẹn.

Bọ́sẹ̀ kì í ṣe mẹkáníìkì. Aránṣọ ni. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà ni bàbá tó bí i, òun nìkan nínú àwọn ọmọ ló sì máa ń jókòó ti bàbá náà bó bá ń tún ọkọ̀ ṣe. Nígbà tí bàbá papò dà, àwọn ọmọkùnrin pín ilẹ̀ àti aṣọ, wọ́n wá ti ògbólógbòó ọkọ̀ sí Bọ́sẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kó máa fi sin ẹyẹlé. Bọ́sẹ̀ kò bá wọn jà. Ó tún ọkọ̀ ṣe. Kò pé ọdún kan tí ilé ẹyẹlé fi di ọkọ̀ tó ń gbé aboyún àti olókùnrùn lọ sí ọsibítù ní Ìsàlẹ̀-Odò, nítorí kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń sùn ní Òkè-Àpárọ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lójú ọ̀nà náà tí wọ́n ń pè ní Àwòṣífìlà. Bí o bá dúró nísàlẹ̀ tí o wo òkè rẹ̀, fìlà á jábọ́ lórí rẹ. Ọkọ̀ tí kò ní búréèkì, kó má débẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bọ́sẹ̀ tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á ní kò sí nǹkan. Bọ́sẹ̀ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó yọ táyà ibẹ̀, ó yọjú wò ó. Àwọn rọ́bà tí epo búréèkì ń gbà kọjá ti gbó, wọ́n ti ya pẹrẹpẹrẹ bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ó lọ ra tuntun lọ́dọ̀ Kàsálí tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní oríta.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìwàǹwára. Ó fi kẹrosíìnì rẹ àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà láti àárọ̀ dọ̀sán. Páìpù irin tó so mọ́ rọ́bà náà tẹ́ẹ́rẹ́, bí o bá fi agídí yí i, ó ṣẹ́ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kó fi sípánà kan di ìyá, ìyẹn orí rọ́bà, mú, kó fi èkejì tú ọmọ, ìyẹn nọ́ọ̀tì páìpù. Bó ṣe ṣe é gan-an nìyẹn, tí ohunkóhun kò ṣẹ́. Nígbà tó de rọ́bà tuntun mọ́ ọn tán, ó pe ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró eléàdín, kó wá jókòó sórí àga dẹ́rẹ́bà, kó bá òun tẹ búréèkì kí atẹ́gùn tó há sínú rọ́bà lè jáde.

"Màmi, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ má gbẹ́sẹ̀ o!"

"Títí di ìgbà wo? Ẹsẹ̀ àgbà lèyí o, kì í ṣe òpó ilé!"

"Ó yá, ẹ gbé e."

Báyìí ni wọ́n ṣe títí epo fi ń jáde láìhó. Gbogbo àdúgbò yin Bọ́sẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì yìn ín jù. Láti ọjọ́ náà, ìyá sọ ọ́ di iṣẹ́ ara rẹ̀ láti máa fọ ọkọ̀ ní gbogbo Sátidé, tòun ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ òun lè ráyè ránṣọ.

Kò pé oṣù kan tí búréèkì tún fi rọ̀. Bọ́sẹ̀ tú rọ́bà tuntun náà, ó bá a pé ó ti wú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n rẹ sómi. Ìyá kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì. Ó di oríta, ní ìsọ̀ Kàsálí.

"Ayédèrú lo tà fún ọmọ mi!"

"Màmá, irú rẹ̀ náà ni mo ń tà fún àwọn tó ń wa lọ́rì."

"Wọn kò tíì kú ni!"

Kàsálí fún wọn ní òmíràn láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó tún di oṣù tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà wú. Ìyá tún padà sí oríta, àbùkù tó fi kan ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, ajá kò ní gbà á jẹ.

Àsìkò yìí gan-an ni oyún Tinúadé, ìyàwó àbúrò Bọ́sẹ̀, wọ oṣù kẹsàn-án. Ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ rọbí sílé, pé bó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, kó ti wà ní Ìsàlẹ̀-Odò. Ọjọ́rú nìyẹn, ọkọ̀ sì wà lórí jáàkì.

Bọ́sẹ̀ tẹ́ ẹní, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Bó ṣe tú rọ́bà, epo kán sí i lọ́wọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba díẹ̀ sínú ìgò kan, ó dé e, ó sì gbé e pamọ́. Láti ibi tó wà, ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lójúde, tó ń búra pé òun yóò mú Kàsálí dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ kó lọ fẹnu kan irin.

"Màmi," Bọ́sẹ̀ fèsì lábẹ́ ọkọ̀, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé Tinúadé débi tó ń lọ."

Ó fa gbogbo epo búréèkì dànù. Ó fi tuntun ṣan páìpù títí ó fi mọ́, ó ṣí ibi gbogbo tí rọ́bà kékeré wà, ó pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kàsálí fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn rọ́bà náà wá.

"Kì í ṣe nítorí ìyá yín o, Àǹtí," ó ní. "Nítorí aboyún ni."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Bọ́sẹ̀ fi ṣéènì àti àgádágodo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ta lo ń tì í mọ́?" ìyá béèrè.

"Eku ni, Màmi. Eku ilé."

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dé orí Àwòṣífìlà. Ìyá wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbá Tinúadé mọ́ra, ó di ojú. Bọ́sẹ̀ tẹ búréèkì díẹ̀, ó dá a sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ sì ń bá a rọra sọ̀kalẹ̀ bí ẹní gbé ẹyin lórí. Kí oòrùn tó wọ̀, Tinúadé ti bí ọmọbìnrin làǹtìlanti ní ọsibítù.

Ọjọ́ ìkómọ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Ilé kún, Kàsálí pẹ̀lú jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá dìde, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ rí búréèkì bó ṣe mú ṣinṣin? Ìgbà tí mo kan án lábùkù ló tó ta ojúlówó!" Ó na ìka sí Kàsálí. "Díẹ̀ ló kù kí o pa ọmọ-ọmọ mi!"

Bọ́sẹ̀ wọlé, ó gbé ìgò rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmi, kò sí ẹni tí imú rẹ̀ mọ òórùn epo tó yín nílùú yìí. Ẹ bá mi gbóòórùn ohun tí mo fà jáde nínú rọ́bà tí Kàsálí tà."

Ìyá ṣí ìgò, ó fà á símú. Ìka tó wà lókè rọra sọ̀kalẹ̀. Ó gbé ìka náà súnmọ́ imú, ó gbóòórùn òun náà.

"Bọ́sẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ṣé àdín kò dára fún búréèkì ni?"

Kàsálí ló dá a lóhùn. "Màmá, àdín ló ń mú rọ́bà wú. Búréèkì àti Èṣù, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Wọn kì í fojú kan àdín."

Ẹ̀rín sọ, ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ì bá fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá bá a wí. Ṣùgbọ́n ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó kọjú sí èrò.

"Ní Sátidé, bí mo bá ń fọ ọkọ̀, mo máa ń rí i pé epo búréèkì inú agolo kékeré abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti fà. Mo ní epo ṣáà ni epo. Àdín tó ń wo gìrì sàn, tó ń pa ariwo lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ló máa ṣe ọkọ̀? Mo ń bù ú kún un. Ìta gbangba ni mo ti na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ, ìta gbangba náà ni màá ti sọ ọ́. Kàsálí, fi orí jì mí. Ẹni tó ń ba búréèkì yẹn jẹ́ kì í ṣe ìwọ. Èmi ni. Èmi Àwẹ̀ró eléàdín."

Ohun tó fà á nìyẹn tí àwọn àgbà Òkè-Àpárọ̀ fi ń pa á lówe títí dòní pé, kí a tó na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ, ká kọ́kọ́ gbóòórùn ìka náà.